Ta ni ẹnì kejì ní Monowi?

Ìyá kan ní Houston, tó pe ara rẹ̀ ní Ìyá Ìbejì, ló kọ̀wé sí mi báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọkọ mi ríṣẹ́ sí apá àríwá Nebraska, a sì ń wá ibi tí ilé ò ti wọ́n tí a lè kó àwọn ọmọ lọ. Mo rí abúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Monowi. Wọ́n ní ẹnì kan ló wà níbẹ̀ ní 2010, òyìnbó, ìdá 100 nínú 100. Ní 2020, wọ́n ní wọ́n ti di méjì. Ṣùgbọ́n fídíò tí mo wò ní ìyá àgbà kan ṣoṣo ló ń gbébẹ̀. Ta wá ni ẹnì kejì? Ṣé ìjọba Amẹ́ríkà náà máa ń parọ́ iye èèyàn bíi tiwa ni? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè rí aláwọ̀ dúdú kankan níbẹ̀?”

Ìyá Ìbejì, mo kí yín o, mo kí àwọn ìbejì náà. Ẹnì kejì yẹn kò sí. Kọ̀ǹpútà ló bí i. Irọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí àwa mọ̀ nílé, níbi tí wọ́n ti ń bu iye kún ìlú kí owó ìjọba lè pọ̀ sí i. Òfin ló fọwọ́ sí irọ́ tibí yìí, nítorí ìyá àgbà tí ẹ rí nínú fídíò yẹn gan-an ni wọ́n sì ṣe pa irọ́ náà.

Monowi wà ní Boyd County (county dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa), lẹ́bàá ibi tí Nebraska ti bá South Dakota pààlà. Ní 1902 ni wọ́n pín ilẹ̀ rẹ̀ sí pẹ́lọ́ọ̀tì nígbà tí rélùwéè débẹ̀. Ní nǹkan bí 1930, àwọn tó ń gbébẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní ilé ìtajà, wọ́n ní ilé oúnjẹ, wọ́n tiẹ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn náà, ohun tó ṣe ọ̀pọ̀ abúlé wa ní Òkè-Ògùn ṣe òun náà: ẹ̀rọ gba iṣẹ́ oko lọ́wọ́ èèyàn, àwọn ọ̀dọ́ forí lé ìlú ńlá, àwọn àgbà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku 18 ní 1980, ó ku 6 ní 1990. Ní 2000, ó ku méjì, Rudy Eiler àti Elsie ìyàwó rẹ̀. Rudy kú ní 2004.

Ó wá ku Elsie nìkan. Òun ni mẹ́yọ̀, òun ni akọ̀wé, òun ni akápò, òun ló ń ta ọtí ní Monowi Tavern, òun náà ló ń tọ́jú ilé ìkàwé tí wọ́n fi nǹkan bí 5,000 ìwé ọkọ rẹ̀ dá sílẹ̀. Bó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti ta ọtí, mẹ́yọ̀ Elsie ni yóò fọwọ́ sí i fún Elsie ọlọ́tí. Owó orí tí iná òpópónà ń jẹ, òun ló ń bù ú fún ara rẹ̀, òun náà ló ń san án. Àwọn oníròyìn láti gbogbo ayé ń rọ́ lọ síbẹ̀ lọ wò ó.

Ẹ wá wo ohun tí àbájáde ìkànìyàn 2010 sọ nípa abúlé yẹn. Iye èèyàn, 1. Obìnrin, ìdá 100. Aláwọ̀ funfun, ìdá 100. Ẹni tó ti lé ní ọdún 65, ìdá 100. Ilé tí ẹnì kan ń dá gbé, ìdá 100. Ṣé ẹ rí i pé èyí ti kúrò ní ìṣirò? Fọ́ọ̀mù tí ìyá yẹn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni wọ́n kúkú gbé lẹ̀ mọ́ ògiri ọjà fún aráyé kà.

Òfin Amẹ́ríkà kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Title 13 ní ohun tí èèyàn bá sọ fún àwọn tó ń kànìyàn kò gbọdọ̀ hàn sí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọlọ́pàá, ì báà jẹ́ agbowó orí, ì báà jẹ́ ìmígírésọ̀n tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń bẹ̀rù. Òṣìṣẹ́ tó bá tú àṣírí lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5, kó sì tún san owó ìtanràn tó lè tó $250,000. Ọdún 72 gbáko ni fọ́ọ̀mù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ fi ń wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ti 1950, oṣù kẹrin 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Àwọn àgbà wa ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òwe yẹn náà ni òyìnbó sọ di òfin.

Òwe ọ̀hún kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ní oṣù kẹta 2006, mo wà lára àwọn alábòójútó ìkànìyàn ní àwọn abà kan ní apá Ìbàràpá. A bá bàbá kan tó jókòó sórí odó tó dojú dé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ọmọbìnrin tó mú bírò béèrè iye ọmọ inú ilé. Bàbá ní mẹ́rin. Àwo ẹ̀kọ mímu mẹ́sàn-án wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀kọ ṣì ń gbẹ mọ́ etí wọn. Ọmọbìnrin náà wo àwo, ó wò mí. Mo ní kó kọ mẹ́rin ná. A ti ń bọ́ sójú ọ̀nà nígbà tí ìyàwó bàbá sáré bá wa, ó ń fa ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń dárúkọ: ọmọ mẹ́sàn-án. Ó ní ká kọ ọ́, ṣùgbọ́n ká má jẹ́ kí bàbá gbọ́.

Mo máa ń rántí àwo yẹn, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Amẹ́ríkà gan-an nìyẹn. Ẹnu bàbá pa àṣírí mọ́, àwo ilẹ̀ tú u. Àwọn onímọ̀ inú ilé iṣẹ́ ìkànìyàn wọn fúnra wọn ló dán an wò: wọ́n kó àwọn tábìlì 2010 tí ẹnikẹ́ni lè rí kà, wọ́n kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kó fi to àwọn èèyàn padà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Nínú èèyàn 100, ó to 46 bó ṣe rí gẹ́lẹ́: àdúgbò tí wọ́n ń gbé, akọ tàbí abo, ọjọ́ orí, ẹ̀yà. Nígbà tí wọ́n tún fi wé irú ìwé orúkọ àti àdírẹ́sì tí àwọn oníṣòwò ń tà fún ara wọn, wọ́n rí orúkọ 17 nínú 100 mú. Ẹ̀rù ba àwọn fúnra wọn.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá tẹ́lẹ̀ ni pàṣípààrọ̀. Bí ìdílé kan bá dá yàtọ̀ ní àdúgbò, ẹ jẹ́ ká sọ pé ìdílé Nàìjíríà kan ṣoṣo láàárín àwọn òyìnbó, wọ́n lè mú fọ́ọ̀mù tiwọn pààrọ̀ ti ìdílé mìíràn tó jọ ọ́ ní ibòmíì. Iye èèyàn kò ní yí padà, ìdí nìyẹn tí Monowi fi jẹ́ 1 géérégé ní 2010. Lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà tú àwo wò, wọ́n rí i pé pàṣípààrọ̀ nìkan kò bo nǹkan kan. Ní 2020, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan gbé jáde ní 2006, differential privacy lorúkọ rẹ̀.

Ẹ fojú inú wo ìyá alágàárì kan tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iye tí oníbàárà òun rà. Bó bá ti wọn kóńgò tán, á ju ẹyọ owó sókè. Bí owó bá ṣíjú, á bu èènì sí i. Bó bá dojú dé, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan kúrò. Ẹni tó bá gbé àpò yín wò ní ọ̀nà kò lè búra pé iye báyìí lẹ rà. Ṣùgbọ́n àpò ńlá tí ìyá gbé wá sọ́jà kò lé, kò dín, nítorí èènì ẹnì kan ni àbùkúrò ẹlòmíràn.

Nebraska ni àpò ńlá. Iye èèyàn ìpínlẹ̀ náà, 1,961,504, wọn kò fọwọ́ kàn án. Iye ilé tó wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, wọn kò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n iye èèyàn inú abúlé, àwọ̀ wọn, ọjọ́ orí wọn, kọ̀ǹpútà ti ju ẹyọ owó sókè lórí gbogbo rẹ̀ kó tó jáde. Bí wọ́n bá bu ẹnì kan lé Omaha tó jẹ́ ìlú ńlá, ta ló máa mọ̀? Monowi ní ẹyọ kan péré; bẹ́ ẹ bá bu ọ̀kan lé e, ẹ ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kọ̀ǹpútà kò sì lè kọ ọ́ pé èèyàn ibì kan kéré ju òdo lọ, nítorí náà ibi tó bá kéré gan-an, èènì ló máa ń bọ́ sí i lọ́wọ́ ju àbùkúrò lọ. Ẹnì kejì tí ẹ ń béèrè, ibòmíràn ní Nebraska ni wọ́n ti yọ ọ́. Nígbà tí àwọn oníròyìn bi mẹ́yọ̀ Elsie, ó ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìkànìyàn sì sọ ọ́ gbangba pé èènì ààbò ni àwọn bù sí i.

Kì í ṣe Monowi nìkan. Ní àárín ìlú Chicago, àdúgbò kan wà lórí máàpù ìkànìyàn tó jẹ́ omi odò lásán, níbi tí odò Chicago ti ṣẹ́ kọ́nà. Àbájáde 2020 ní èèyàn 14 ló ń gbébẹ̀. Àwọn àdúgbò mìíràn wà káàkiri tí ó jẹ́ pé ọmọdé nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí àgbà kankan. Àwọn kan bínú sí i. Ìpínlẹ̀ Alabama gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ ní 2021, kò sì já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní tèmi, fún ìyá kan tó ń dá gbé láàárín pápá, wọ́n ṣe ohun tó tọ́. Fún àwọn abúlé kéékèèké tí owó títì àti owó ilé ìwé wọn ń tẹ̀lé nọ́ńbà yìí, ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní torí pé mo fẹ́ràn ọgbọ́n inú rẹ̀ kí n máa fojú kéré ìnira wọn.

Ẹ má sì rò pé gbogbo àṣìṣe ni èènì o. Lost Springs ní Wyoming, wọ́n kọ ọ́ ní 2000 pé ẹnì kan ló ń gbébẹ̀. Mẹ́yọ̀ ibẹ̀ ní rárá o, àwọn mẹ́rin ni. Kò tíì sí differential privacy nígbà náà. Wọ́n kàn kà á ṣì ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọ̀, tó jẹ́ pé òun gan-an ló gbé yín wá.

Lórí fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà, ẹni tó ń kọ ọ́ ló ń sọ ohun tí òun jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá. Nígbà ìkànìyàn àkọ́kọ́ ní 1790, ohun tí wọ́n ń kà ni òyìnbó tó wà lómìnira, àwọn yòókù tó wà lómìnira, àti ẹrú. Ẹrú márùn-ún sì ni wọ́n ń kà bí èèyàn mẹ́ta nígbà tí wọ́n bá ń pín ìjókòó ilé aṣòfin. Àwọn Indian, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí kì í san owó orí, wọn kì í fi wọ́n kún un rárá. Lónìí, ẹ lè mú ẹ̀yà kan, ẹ lè mú ju ẹyọ kan lọ, láti 2000 ni wọ́n ti gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2020, wọ́n tún fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ “Black or African American” kí èèyàn kọ ibi tó ti wá, wọ́n sì tẹ orúkọ àwọn kan síbẹ̀ bí àpẹẹrẹ. Nigerian wà lára wọn. Èèyàn tó lé ní 600,000 ló kọ ọ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Ẹ fi èyí wé tiwa nílé: ní 1991 àti 2006, wọn kò béèrè ẹ̀yà, wọn kò béèrè ẹ̀sìn, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí ìyẹn bá wọ inú fọ́ọ̀mù, ìjà ló máa bá a jáde. Síbẹ̀ náà, ìjà wáyé. Ìkànìyàn 2006 ní iye èèyàn Èkó lé díẹ̀ ní 9,000,000. Ìjọba Èkó ní àwọn ka tàwọn, àwọn rí ju 17,500,000 lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹsẹ̀ yín wọn ọ̀rọ̀ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún yẹn wò. Ká ní ìyá Elsie nìkan ló wà ní Monowi, tí ẹ̀yin, ọkọ yín àti àwọn ìbejì kó dé. Ẹ di márùn-ún. Lọ́jọ́ náà gan-an, abúlé tó jẹ́ ti òyìnbó ní ìdá 100 ti di ti aláwọ̀ dúdú ní ìdá 80. Bí àwọn ìbejì bá lọ sí yunifásítì, ó di ìdá 66 àti díẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà ní Nebraska. Ọkọ̀ ẹrù kan ló wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé bí abúlé kò bá tó ọgọ́rùn-ún èèyàn, kí wọ́n má tilẹ̀ wo ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo iye orí. Bó bá sì jẹ́ nínú American Community Survey lẹ ti rí i, ẹ tún ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìyẹn kì í ka gbogbo èèyàn. Nǹkan bí ilé 3,500,000 ló ń mú ṣàyẹ̀wò lọ́dọọdún káàkiri Amẹ́ríkà, ọdún márùn-ún ló sì ń dà pọ̀ kó tó lè sọ nǹkan nípa ibi kékeré. Abúlé onílé méjì lè má bọ́ sí i rárá.

Nípa pé ṣé ẹ máa rí aláwọ̀ dúdú: ní Boyd County lápapọ̀, iye tí wọ́n kọ ní 2020 jẹ́ 1,810, òyìnbó ló sì pọ̀ jù lọ dáadáa. Ẹ máa dá yàtọ̀ níbẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá ilẹ̀ yẹn. Àwọn Ponca, ẹ̀yà Indian kan, ló ń gbé etí odò Niobrara kí ìjọba tó fi tipátipá kó wọn lọ sí Oklahoma ní 1877. Olóyè wọn kan, Standing Bear, pàdánù ọmọkùnrin rẹ̀, ó gbé òkú rẹ̀, ó ń bọ̀ wá sin ín sílé bó ṣe ṣèlérí fún un, ni wọ́n bá mú un. Ní 1879, ní Omaha, adájọ́ ní láti jókòó pinnu bóyá Indian jẹ́ èèyàn lójú òfin. Ó ní èèyàn ni. Ẹ gbọ́ ìyẹn ná: kí wọ́n tó ka ẹnì kan, ilé ẹjọ́ ní láti kọ́kọ́ sọ pé èèyàn ni.

Àwa aláwọ̀ dúdú náà ti gbé oko níbẹ̀ rí. Ní 1907, àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú lo òfin Kinkaid ti 1904, tó ń fún ẹni tó bá gbà láti dáko ní éékà 640, wọ́n sì tẹ ibì kan dó tó ń jẹ́ DeWitty létí odò North Loup, ní Cherry County, ìhà ìwọ̀-oòrùn sí ibi tí ẹ ń lọ yẹn. Ilé amọ̀ tí wọ́n fi ìpẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ pápá mọ ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ilé ìwé, wọ́n tiẹ̀ ní ẹgbẹ́ tó ń gbá baseball, bọ́ọ̀lù onígi àwọn ará Amẹ́ríkà. Iyanrìn ló pọ̀ nílẹ̀ yẹn, ọ̀gbẹlẹ̀ dé, wọ́n tú ká kí nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tó pé. Ẹni tó bá wo Cherry County lónìí, tó rí “òyìnbó” gbéregède, kò ní mọ̀.

Nítorí náà, ẹ fi Monowi sílẹ̀. Kì í ṣe nítorí àwọ̀. Ilé tí èèyàn lè gbé níbẹ̀ kò pọ̀, ọmọdé kankan kò sì sí tí yóò bá àwọn ìbejì ṣeré. Ẹ wo àwọn ìlú tó ní ilé ìwé àti ilé ìwòsàn láyìíká ibi iṣẹ́ ọkọ yín. Ẹ wo nọ́ńbà ti county, ẹ má wo ti abúlé. Lẹ́yìn náà, ẹ wa mọ́tò lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ jókòó sí ilé oúnjẹ, ẹ lọ wo ilé ìwé. Ní Lexington, ní àárín Nebraska, iṣẹ́ ilé ìpẹran ti kó àwọn ará Mexico, Guatemala àti Somalia wọ̀lú débi pé òyìnbó kọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá wo Nebraska lókèèrè kò lè rí ìyẹn.

Ìkànìyàn tó ń bọ̀, 1 oṣù kẹrin 2030 ni ọjọ́ rẹ̀. Ibi yòówù kí ẹ ti jí lọ́jọ́ náà, ẹ kọ mẹ́rin. Ní 2020, ìwádìí tiwọn fi hàn pé àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọn kò rí kà tó ìdá 3.3 nínú 100, ọmọ wẹ́wẹ́ sì wà lára àwọn tí wọ́n máa ń gbàgbé jù. Ẹ kọ Táíwò, ẹ kọ Kẹ́hìndé, ẹ kọ Nigerian sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀. Bí àbájáde abúlé yín bá wá jáde, tí ẹ rí i pé wọ́n ti bu ẹnì kan lé yín tàbí kí wọ́n ti bu ẹnì kan kúrò, ẹ má pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Wọn kò sọ Kẹ́hìndé nù. Àpò ńlá mọ̀ pé ó wà.